Ìjọba ti gbé fákitórì tó ń yọ́ bátìrì lọ kóòtù, kí ló wá kan àwa tá à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, lọ́yà wa. Ẹ̀yìn ìlú Iléṣà níbí la kọ́lé sí. Ilé iṣẹ́ kan wà nítòsí wa tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò àti irin kọ́ńdẹ̀mù. Alẹ́ ni wọ́n máa ń dáná, èéfín á bo gbogbo àdúgbò, páánù wa ti dípẹtà, aṣọ tá a bá sá síta á dúdú, wọ́n sì ń da omi bátìrì àti pàǹtírí ẹ̀ sétí odò ẹ̀yìnkùlé wa. A kọ̀wé kọ̀wé kó tó di pé ìjọba wá tì wọ́n pa, a sì ti ń gbọ́ báyìí pé wọ́n ti gbé wọn lọ kóòtù. Bàbá alága lándílọ́ọ̀dù wa ní ká fọkàn balẹ̀, pé tí ìjọba bá ti lè jàre, owó gbà-má-bínú wa ń bọ̀ nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ọmọ mi kékeré ń wúkọ́, omi kànga wa náà ti yí padà. Ìyá Ìbejì, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira o, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi kí bàbá alága, mo mọ̀ pé ire àdúgbò ni wọ́n ń wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí ìjọba pè, ìjọba ló ni ín, kì í ṣe tiyín. Tí adájọ́ bá dá ilé iṣẹ́ yẹn lẹ́bi tó ní kí wọ́n san fáìnì, àpò ìjọba ni owó yẹn ń lọ tààrà, kò ní yà sádùúgbò yín. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé ẹjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kànga yín ò sí níbẹ̀, ti ikọ́ ọmọ yín náà ò sí níbẹ̀, tí wọ́n bá tiẹ̀ pe ẹnì kankan nínú yín, ẹlẹ́rìí lásán ni wọ́n pè é fún. Tẹ́ẹ bá wá fọwọ́ lẹ́rán tẹ́ẹ ní ẹ̀ ń retí ìjọba, ẹjọ́ á parí, oníkálukú á gba ilé ẹ̀ lọ, ẹ̀yin á ṣì wà níbi tẹ́ẹ wà.

Ẹ tún wo owó tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fa ara wọn. Òfin tí àwọn NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ń lò, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2007, abala 20 ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u, fáìnì ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ₦2,000,000 lọ, kí wọ́n wá máa fi ₦50,000 lé e fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọn ò bá jáwọ́. Ẹni tó ń fi tírélà kó bátìrì àlòkù wọlé, kí ni mílíọ̀nù méjì máa ṣe fún un? Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ yín nínú nígbà tí wọ́n wá fi páádì ti géètì wọn, èmi náà ì bá yọ̀, àmọ́ fáìnì lásán ò tíì fọ odò rí.

Òfin tó léyín dáadáa ni ti 1988. Àwọn àgbà àárín yín á rántí ọ̀rọ̀ Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, níbi tí àwọn kan ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí àgbàlá tí wọ́n háyà lọ́wọ́ ọmọ ìlú kan. Nígbà tí àṣírí tú, Nàìjíríà fárígá, wọ́n sì kó ẹrù yẹn padà. Kí ọdún yẹn tó parí ìjọba ti ṣòfin pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí olóró sílẹ̀ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń pariwo ẹ̀wọ̀n gbére yẹn, abala 12 nínú òfin kan náà lèmi fẹ́ kẹ́ẹ rí. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó da ìdọ̀tí yẹn sílẹ̀ ló máa dáhùn fún gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ bàjẹ́, yálà ara èèyàn ni tàbí dúkìá, àfi tó bá jẹ́ pé ẹni tó fara gbá a ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á pátápátá, tàbí pé ó mọ ewu yẹn tó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ibi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn lọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń kó sí wàhálà. Ilé iṣẹ́ á gbé àpò ìrẹsì wá lọ́dún Kérésì, wọ́n á gbẹ́ bóhòó kan, wọ́n á ra tiransifọ́mà fún yín, wọ́n á wá ní kí àwọn ìgbìmọ̀ lándílọ́ọ̀dù sáìnì ìwé kékeré kan pé àwọn gba nǹkan wọ̀nyẹn. Tẹ́ẹ bá ka ìwé yẹn dáadáa, ẹ máa rí i nísàlẹ̀ pé "àdúgbò ò ní ẹ̀sùn kankan mọ́". Lọ́yà wọn ló kọ ọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún lọ́yà tiyín, ẹ jẹ́ kó rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá sì ń gbé òmíràn bọ̀ nísinsìnyí tí ẹjọ́ ti dé kóòtù (wọ́n máa gbé e wá, ẹ ṣáà máa wò), kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà tó wà fún yín, méjì ló wà, ẹ sì lè tọ méjèèjì pọ̀. Èyí tó yá jù wà nínú ẹjọ́ ìjọba yẹn fúnra ẹ̀. Òfin bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn tó jáde ní 2015, ACJA tí wọ́n ń pè, abala 319 ẹ̀ gba adájọ́ láyè pé tó bá ti dá ọ̀daràn lẹ́bi, ó lè ní kó sanwó fún ẹni tí ìwà yẹn pa lára. Adájọ́ kì í sábà rántí ẹ̀ fúnra ẹ̀ o, lọ́yà ìjọba ló yẹ kó bèèrè, òun náà ò sì lè bèèrè fún ẹni tí ò mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹ lọ bá àwọn NESREA tó ń bójú tó ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn, ẹ bèèrè ta ni lọ́yà tó ń bá wọn ṣe é, kẹ́ẹ wá kọ̀wé sí i: àwa ilé báyìí báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa rèé, ẹ̀rí wa rèé, a fẹ́ kẹ́ẹ lo abala 319 tó bá dọjọ́ ìdájọ́. Ẹ gba sítáǹpù sórí kọ́pì tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tètè ṣe é, torí ìjọba àti ilé iṣẹ́ lè lọ jókòó níbì kan kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ àyíká, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e síta fún ó kéré tán 30 ọjọ́ kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn kí adájọ́ tó buwọ́ lù ú. Níbí, ẹ lè máa gbọ́ ọ lórí rédíò pé ó ti parí.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ẹ pe ẹjọ́ tiyín. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tó kan gbogbo ìlú, Attorney General nìkan ló lè pè é lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá ìyẹn nù láti 1991, nínú ẹjọ́ Adediran àti Interland Transport, níbi tí àwọn ará Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó ti pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù lẹ́jọ́ lórí ariwo àti eruku inú ẹ́sítéètì wọn. Ní 2018, nínú ẹjọ́ epo tó dà sódò ní Acha ní ìpínlẹ̀ Abia, wọ́n tún ṣílẹ̀kùn yẹn sí i, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká náà lè pẹjọ́. High Court wà n'Íléṣà, Federal High Court wà l'Óṣogbo, lọ́yà yín ló máa wo èyí tó bá ohun tẹ́ẹ fẹ́ bèèrè mu. Ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló, mi ò gbọdọ̀ máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí lẹjọ́. Èéfín tẹ́ẹ rí lánàá ti fẹ́ lọ, ẹnu yín nìkan ò sì tó. Ẹ ra ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ilé ìwé kan, ẹni kan tó mọ̀wé nínú ilé kó máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá tún dáná: déètì, aago, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bó ṣe ń rùn, ta ló wúkọ́ lóru. Èyí tẹ́ẹ bá rántí látẹ̀yìn wá, ẹ kọ òun náà, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀ pé ìrántí ni, ẹ má ṣe bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an lẹ kọ ọ́, lọ́yà wọn á fi ìyẹn bà yín jẹ́. Fídíò tẹ́ẹ fi fóònù ká, ẹ jẹ́ kó wà lórí fóònù tó ká a, torí èyí tó ti gba orí WhatsApp kọjá ẹ̀ẹ̀melòó kan, déètì ẹ̀ ti sọnù, abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 sì béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é kí kóòtù tó gbà á. Ẹ gbá eruku ojú fèrèsé àti ti orí páánù sínú nylon mímọ́, ẹ bu erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ níbi táwọn ọmọ ti ń ṣeré, ẹ lẹ déètì mọ́ ọn níṣojú ẹlẹ́rìí, kó máa lọ lábù. Ẹ̀ ò ní rìn jìnnà, àwọn CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára ní yunifásítì OAU, Ifẹ̀, ní ẹ̀rọ tó ń sọ irú irin tó wà nínú eruku, àwọn onímọ̀ OAU kan sì ti tẹ iṣẹ́ jáde ní 2015 lórí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Ti odò àti kànga, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lábù wá bu omi náà fúnra ẹ̀.

Ti ọmọ yín ò lè dúró de kóòtù. Ikọ́ yẹn lè jẹ́ ti èéfín, èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni òjé (lead) inú bátìrì, torí òjé kì í pariwo, ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà, àjọ ìlera àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n ẹ̀ tá a mọ̀ pé kò léwu. Òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí góòlù ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010. Ẹ gbé e lọ ọsibítù Wesley n'Íléṣà, kẹ́ẹ la ẹnu sọ ọ́ fún dókítà pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì lẹ̀ ń gbé, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tí wọn ò bá ní ẹ̀rọ ẹ̀ kí wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ síbi tó wà. Ẹ dáwọ́ omi kànga yẹn dúró, sísè ò lè lé òjé jáde. Ẹ máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ yéé gbá a ní gbígbẹ. Ìwé tí dókítà bá kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀, òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù tẹ́ẹ máa ní.

Ohun kan tó kù ni ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti tì wọ́n pa. Ilé iṣẹ́ Exide tó ń yọ́ bátìrì ní Vernon lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles lo ohun tó lé ní 30 ọdún lórí ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀. Ní 2015 wọ́n gbà pé àwọn rú òfin ìdọ̀tí olóró, wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé àwọn á ti ibẹ̀ pa títí láé, àwọn á sì sanwó kí wọ́n fi tún un ṣe, ìyẹn ni wọn ò fi ṣẹjọ́ wọn. Nígbà tó di 2020 wọ́n wọ gbèsè, kóòtù ní kí wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí òjé wà nínú ilẹ̀ wọn wá di ẹrù owó orí aráàlú. Nínú lẹ́tà tẹ́ẹ máa kọ sí lọ́yà NESREA, ẹ fi ìlà kan kún un pé kí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ yẹn gbé owó tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀ àti odò yẹn ṣe kalẹ̀ sọ́wọ́ kóòtù báyìí tí dúkìá wọn ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí wọ́n wá tú ẹ̀rọ wọn tà lóru.