Ẹ̀rọ Tuntun, Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, olóòtú, ihò HDMI nìkan ni ẹ̀rọ fídíò mi ní, ihò aláwọ̀ mẹ́ta ló sì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n mi. Mo ra wáyà tó so méjèèjì pọ̀, síbẹ̀ àwòrán kò jáde. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́, wáyà náà ni kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ rà á fún. Àmì díjítà ni HDMI ń gbé jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì ànálọ́ọ̀gì nìkan ni àwọn ihò aláwọ̀ mẹ́ta ń gbà, wáyà lásán kò sì lè sọ ọ̀kan di èkejì. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yí HDMI padà sí AV (ìyẹn àmì tí àwọn ihò aláwọ̀ mẹ́ta ń gbà), tí ó sì máa ń gba iná láti inú ihò USB, ni ẹ nílò. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí pé èyí tí ń yí AV padà sí HDMI jọ ọ́ púpọ̀, kò sì ní wúlò fún yín rárá. Okùn ìyeyè ni ti àwòrán, funfun àti pupa ni ti ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rìmóòtù yan AV. Àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ lè má hàn kedere, nítorí pé ìlà àwòrán 480 tàbí 576 péré ni ọ̀nà yìí ń gbé.