Fúláàtì ni mò ń gbé ní Gbàgádà: báwo ni mo ṣe máa ṣájì mọ́tò oníná mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Òkè kejì ni mò ń gbé nínú ilé oní-fúláàtì mẹ́fà ní Gbàgádà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Nissan Leaf tòkunbọ̀, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh, Victoria Island sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni a ń páàkì sí, ara ògiri iwájú ni mítà iná kálukú wà. Wáyà tó máa ti ibẹ̀ dé ìdí mọ́tò mi á tó mítà 45. Oníná àdúgbò ní kí n ju ẹ̀sítẹ́ńṣàn sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹlòmíràn ní àfi kí n ra ṣájà ńlá 7 kW. Lanlọ́ọ̀dù ń bẹ̀rù kí ilé má jóná, àwọn ará ilé sì ń sọ pé èmi ni máa lo gbogbo iná tán. Band A ni àdúgbò wa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire mọ́tò tuntun. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín, ti àkọ́kọ́ léwu, ti ìkejì á kàn jẹ yín lówó lásán. Ohun tí ẹ nílò ni wáyà kan ṣoṣo tó ti ìdí mítà iná tiyín lọ tààrà sí ibi tí ẹ ń páàkì, tó ní bíréékà tirẹ̀, tó ní wáyà ilẹ̀ tó dára, tí ẹ ó máa fi ámpù 10 tàbí 16 gbaná lóru.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ ń lò gan-an. Láti Gbàgádà, kí ẹ gba orí Third Mainland Bridge dé Victoria Island, kí ẹ sì padà wálé, ẹ fi kìlómítà 40 kà á. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tí AC ń ṣiṣẹ́, Leaf máa ń jẹ nǹkan bíi 17 kWh lórí kìlómítà 100. Ìrìn ọjọ́ kan yín kò wá ju 7 kWh lọ. Bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá máa ń di ooru dànù nígbà tí mọ́tò bá ń gbaná, nítorí náà ẹ pè é ní 7.5 kWh. 1 kWh yẹn náà ni yúnìtì kan tí ẹ ń rà sínú mítà. Ní 209.5 náírà fún yúnìtì kan, iye tí Band A dé ní July 2024, tí ẹ bá fi VAT 7.5% lé e, owó iná ọjọ́ kan jẹ́ nǹkan bíi 1,690 náírà. Bí iye náà bá ti yí padà, ẹ fi tuntun ṣírò rẹ̀.

Ámpù 10 ní 230 fólítì jẹ́ 2.3 kW. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ló máa fi dá ohun tí ẹ lò lọ́sàn-án padà, ẹ sì ní odindi òru. Ká tiẹ̀ ní ẹ rin ìrìn jíjìn tí bátìrì ṣẹ́kù 10%, ámpù 16 á gbé e dé 80% ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ àbọ̀. Ẹni tó ń tà ṣájà 7 kW kò purọ́ pé ó yára, ìyára yẹn ni ẹ kò nílò. Kò sì sí ìwúlò kankan nínú èyí tí wọ́n kọ 11 tàbí 22 kW sí lára: ẹ̀rọ tó ń gba iná ilé sínú Leaf kò lè gbà ju 6.6 kW lọ, òmíràn ò ju 3.6 lọ.

Ó wá ku ẹ̀sítẹ́ńṣàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí nǹkan bá fẹ́ jó, fíúsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì á já. Kò ní já. Iná tó ń kọjá kò ju iye tí fíúsì gbà lọ, ibi tí irin ti kan irin ni ooru ti ń pọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́, tí irin inú rẹ̀ kò di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú dáadáa mọ́, lè ní ìdènà 0.2 ohm lójú kan. Bí ámpù 10 bá ń gba ojú yẹn kọjá, ooru 20 wáàtì ló ń jáde lórí irin tí kò tóbi ju èékánná lọ, fún wákàtí mẹ́ta gbáko, lójoojúmọ́. Áyọ́ọ̀nù kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́tùlù náà kì í pẹ́, ìdí nìyí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà fi ń bá yín lò wọ́n tí kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ wo ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì níhà live, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá: bí ike tó yí i ká bá ti ń pọ́n bíi búrẹ́dì tó fẹ́ jóná, ẹ má fi sí i mọ́. Wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣàn tí wọ́n ká jọ bí òkìtì sì burú jù, torí ooru inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde.

Kí ẹ tó ra wáyà kankan, ẹ lọ ka ojú mítà iná yín. Ẹ ó rí nǹkan bíi 5(60)A tàbí 10(80)A níbẹ̀. Iye tó wà nínú àkámọ́ ni èyí tó pọ̀ jù tí mítà náà lè gbé. Bó bá jẹ́ 60, ẹ ro ẹrù yín pọ̀: AC oní-1.5 horsepower méjì, bíi ámpù 6 kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi ìwẹ̀ gbóná, 3 kW, ámpù 13. Ìyẹn ti di 25. Fi ṣájà oní-ámpù 32 lé e, ó di 57, ẹni kan ò sì tíì gbé áyọ́ọ̀nù. Pẹ̀lú ámpù 16, 41 ni, ara á tu mítà, ara á tu yín. Ìdáhùn sí ẹ̀rù àwọn ará ilé náà nìyẹn: yúnìtì tiyín ni mọ́tò yín ń jẹ, ẹrù tó sì gbé sórí ilà kò pọ̀ púpọ̀ ju ti ẹ̀rọ omi gbígbóná kan lọ. Tíránsífọ́mà 500 kVA tó ń bọ́ àdúgbò lè gbé nǹkan bíi ámpù 695 lórí phase kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí fúláàtì mẹ́rin bá ní mọ́tò oníná ni ẹ máa jókòó pín wọn sórí phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wáyà tó ń rìn ní mítà 45 máa ń jẹ fólítì lójú ọ̀nà. Lórí ámpù 16, wáyà bàbà 2.5 mm² á jẹ bíi fólítì 13, 4 mm² á jẹ 8, 6 mm² á jẹ 5. Lọ́sàn-án tí iná bá wà ní 230, fólítì 13 kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan AC, tí iná ti sọ̀ dé 190, fólítì 177 ló máa dé ìdí mọ́tò, ọ̀pọ̀ ṣájà á sì dákẹ́ níbẹ̀, ẹ ó máa rò pé ṣájà ló bàjẹ́. Ẹ ra 6 mm² oní-wáyà mẹ́ta nínú, irú tí wọ́n fi irin yí lára, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ ní 600 mm, kí ẹ fi páìpù bò ó níbi tí táyà ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ń gbèrò láti lo ámpù 32 lọ́jọ́ iwájú, 10 mm² ni. Kí oníná tó gé wáyà tí ẹ rà ní Alábà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ẹ dá a padà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní earth. Ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tí ìhò òkè rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n kò bìkítà. Ṣájà mọ́tò máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, bí kò bá rí i, á tan iná pupa, á sì kọ̀ jálẹ̀. Oníná tí kò mọṣẹ́ á wá so neutral, wáyà tó ń dá iná padà, mọ́ earth nínú púlọ́ọ̀gì láti fi tan ṣájà jẹ. Iná á wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wáyà neutral bá já lórí òpó, tí kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n bí òjò bá ń rọ̀, gbogbo ara mọ́tò yín á di live. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ilẹ̀ tútù tó wá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, iná á gbé e. Ẹnikẹ́ni tó bá dá irú iṣẹ́ yìí lábàá fún yín, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá ọ̀pá bàbà tuntun sínú ilẹ̀ nítòsí ibi tí ẹ ń páàkì, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ìdènà rẹ̀. Bó bá ga jù, kí wọ́n fi ọ̀pá kejì kún un. Síbẹ̀, ọ̀pá nìkan kò tó, ìṣirò ló sì fi hàn. Ká ní ó wọn 20 ohm, tí live bá kan ara mọ́tò, 230 pín sí 20, ámpù 11.5 ló máa sá wọlẹ̀. Bíréékà oní-ámpù 20 kò ní já fún ámpù 11.5, á kàn máa wò ó níran. RCD oní-30 mA (ámpù 0.03), ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé iná bó bá rí i pé iná ń sá wọlẹ̀, ló máa já, kíá. Ẹ wo ojú RCD náà kí ẹ tó sanwó: èyí tó ní àmì ìgbì kan ṣoṣo lára ni Type AC, ẹ má gbà á, torí iná DC díẹ̀ (irú iná tó wà nínú bátìrì) tó bá ti inú mọ́tò jáde lè ra iyè rẹ̀, kò sì ní já nígbà tó yẹ. Type A ni kí ẹ gbà, tí ṣájà yín bá ti ní ohun tó ń ṣọ́ 6 mA DC nínú. Bí kò bá ní in, Type B ni, ó sì wọ́n gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bíréékà ámpù 20 fún ṣájà oní-16. Ẹ tẹ bọ́tìnì T ara RCD lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fólítì sínú àpótí kan náà. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó gé iná bó bá sọ̀ kọjá 185 tàbí ga ju 255 lọ, kó sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dá a padà. Ìgbà tí NEPA bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ni fólítì máa ń ga sókè jù. Stabilizer kò pọn dandan.

Jẹ́n ilé ńkọ́? Kí wọ́n mú wáyà ṣájà jáde láti ẹ̀yìn mítà, ṣáájú ṣéńjófà, kí mọ́tò má lè gba iná jẹ́n rárá. Lítà dísù kan kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ju yúnìtì mẹ́ta wá: ẹ pín iye tí ẹ ń ra lítà sí mẹ́ta, ẹ ó rí iye tí yúnìtì kan ń ná yín, ẹ ó sì rí ìdí tí àwọn ará ilé kò fi ní gbà. Jẹ́n kékeré, ọ̀pọ̀ ṣájà ni kì í gbà á, torí neutral rẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀. Ní ti inverter, bátìrì mẹ́rin oní-220 Ah, 12 fólítì, kò lè fún yín ju bíi 5 kWh lọ láìba wọn jẹ́. Ìyẹn ò tó ìrìn ọjọ́ kan, ilé á sì ṣókùnkùn.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yẹ ẹnu ibi tí mọ́tò ti ń gba iná wò. Irin márùn-ún: Type 1, ti Amẹ́ríkà. Irin méje tó yọ sókè: Type 2, ti Yúróòpù. Ihò méje ni ti mọ́tò Ṣáínà, ó jọ Type 2 ṣùgbọ́n kò bá a mu. Bí ti Amẹ́ríkà bá ni tiyín, ẹ yí àpótí ara okùn ṣájà rẹ̀ padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má kì í bọ iná wa láé, ẹ ra èyí tó ń gba 230.

Àpótí iná náà, kó jẹ́ IP65, irú tí eruku àti omi kò lè wọ̀, kó ní kọ́kọ́rọ́, kó sì ga tó mítà 1.2 sílẹ̀ ó kéré tán, ẹ̀yin náà mọ bí omi ṣe ń kún ọgbà. Ẹ má jẹ́ kí àpótí ara okùn ṣájà sùn sílẹ̀, ẹ fi ìkọ́ gbé e kọ́ ara ògiri.

Fún lanlọ́ọ̀dù, ẹ kọ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ẹ ya ibi tí wáyà máa gbà, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, bíréékà, RCD, iye tí ìdènà ilẹ̀ wọn, orúkọ oníná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA (àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò), àti pé ẹ̀yin ni máa tú u tí ẹ ó sì dí ihò ògiri bí ẹ bá ń kó lọ. Lanlọ́ọ̀dù tó rí ìwé báyìí máa ń rọ̀, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ni iṣẹ́ tí kò mọ ẹni tó ṣe é.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ lo ámpù 10, kí ẹ sì dúró tì í fún wákàtí kan. Kí oníná wọn fólítì ní ìdí mọ́tò nígbà tó ń gbaná, kó sì wò ó bóyá ojú ibi kankan nínú àpótí ń gbóná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó pa iná, kó tún fún gbogbo skúrù lẹ́ẹ̀kan sí i, torí bàbà máa ń rọ̀ lábẹ́ skúrù lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gbé e lọ sí 16, kí ẹ sì ṣètò aago inú mọ́tò kó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 alẹ́: fólítì ti máa ń gòkè díẹ̀ nígbà yẹn, bátìrì Leaf, tí kò ní omi tó ń tù ú, á sì ti rí àyè sinmi lẹ́yìn ooru ọjọ́.