Èsì fún Bàbá Ayọ̀mídé: kí ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù SS1 yẹn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Ayọ̀mídé. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé ọmọkùnrin yín wà ní JSS3, pé ilé ìwé ní kí ẹ dá fọ́ọ̀mù padà kí sáà tó parí, kí ẹ yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà fún un. Ẹ ní gbogbo máàkì rẹ̀ wà láàárín 65 sí 75, kò sí èyí tó yọ ju èkejì lọ. Ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà, àti bóyá kí ẹ sanwó ìdánwò ẹ̀bùn (aptitude test) tí ẹnì kan ń polówó fún yín. Mo ti buwọ́ lu irú fọ́ọ̀mù yẹn rí, ọdún márùn-ún gbáko ni ọmọ mi sì fi jìyà rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọbìnrin mi nígbà tó máa ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn níbí ní Ìbàdàn, tí wọ́n bá ti gba ọlidé. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ọ̀hún ò sì gbọ́ Yorùbá. Lọ́jọ́ kan tí mo bá wọn lọ, dókítà béèrè ohun tó ń ṣe màmá. Màmá ní, "Ẹsẹ̀ mi ni. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ." Èmi yára dáhùn pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Dókítà ti ń kọ oògùn ara ríro lọ nígbà tí ọmọ yìí fà mí láṣọ: "Mọ́mì, màmá ò sọ pé ó ń dùn wọ́n o." Ó yíjú sí màmá, ó ní, "Màmá, ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń ta yín, àbí ṣe ló kú?" Màmá ní kò ro àwọn rárá, pé ó kàn máa ń kú tipiri lálẹ́ ni. Ọmọ náà wá tò ó fún dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò pa ìkan pọ̀ mọ́ ìkejì. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ màmá wò. Àtọ̀gbẹ ni. Láti ọjọ́ náà, tí nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ bá ti rí wa, á ní, "Ògbufọ̀ wa dà?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo ra bisikíìtì fún ọmọ, a lọ sílé. Ohun tí mo ń wá kiri lẹ́yìn náà ti dúró gbọnrangandan níwájú mi, mi ò rí i.

Ó dé JSS3, wọ́n ní ká wá rí olùdámọ̀ràn ilé ìwé. A ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú rẹ̀. Ó rí 78 tí ọmọ gbà nínú Basic Science, ó ní ọmọ tó ní ọpọlọ báyìí, sáyẹ́ǹsì ni. Kò bi ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Orúkọ ọmọ ẹlòmíràn ló tilẹ̀ fi pè é. Ó ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977, èyí tó bí 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta JSS, mẹ́ta SS, mẹ́rin yunifásítì) tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ohun tó ní lọ́kàn ni pé ní ọdún mẹ́ta JSS, kí ọmọ fọwọ́ ba iṣẹ́ igi, iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìwé, kí àgbà kan máa wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí. Ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ láti máa wò ó, máàkì nìkan ló ń wò.

Mo buwọ́ lù ú. SS1, sáà kìíní, Físíìsì 31. Mo wá olùkọ́ lẹ́sìnnì, ní Sátidé àti lẹ́yìn ìjọsìn ní Sọ́ńdè. Sáà kejì, 34. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní gbogbo àárọ̀ tí Kẹ́mísírì bá wà, mo ní ọ̀lẹ ni. Ó ń fi ìwé ìdánwò pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní SS2, mo ṣí ìwé Físíìsì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ojú ewé bí i mẹ́fà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ kún fún Yorùbá. Ó kọ "inertia", ó wá kọ síwájú rẹ̀ pé "àìfẹ́ kúrò lójú kan". Ó kọ "friction", ó ní "ìháragàgà ohun méjì tó ń fara gbora". Ó pa ìyẹn rẹ́, ó kọ "ìfarakínra". Ó tún pa á rẹ́. Mo ní eré ló ń fi ìwé ṣe. Mo fa àwọn ewé náà ya lójú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ṣa wọ́n nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìwé Ayọ̀mídé, yálà àwòrán ni, orin ni, tàbí ìṣirò owó ẹlòmíràn, ẹ jókòó, ẹ bi í pé kí ló jẹ́.

Nígbà tí mo lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí áàtì, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ní àkókò ti kọjá, pé èmi náà ni mo buwọ́ lu ìwé. Nígbà tí èsì WAEC jáde, Físíìsì F9, Kẹ́mísírì E8, Báyọ́lọ́jì D7, Ìṣirò C6, Gẹ̀ẹ́sì B2, Yorùbá A1. A tún un ṣe lọ́dún kejì, sáyẹ́ǹsì náà ni, torí olórí kunkun ni mí. Kò yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń júwe "special centre" fún mi, ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó ìdánwò. Mi ò lọ, ẹ̀yin náà ẹ má lọ o.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì yẹn tún béèrè ògbufọ̀, tí ọmọ mi fúnra rẹ̀, tó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, dáhùn pé "ó wà nílé, kò rí iléèwé wọ̀", ni ojú mi là. Ọmọ mi lọ ṣe WAEC aládàáṣe, èyí tí èèyàn ń ṣe láìsí nílé ìwé, ó sì fi Lítíréṣọ̀ àti Government kún un. Ìmọ̀ Ẹ̀dá Èdè ló ń kà ní yunifásítì báyìí, ọdún kẹta.

Ẹ wo Ayọ̀mídé báyìí: kí ni àwọn ará ilé máa ń gbé fún un láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì? Ta ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá bá tí ìjà bá dé, tí fóònù bá bàjẹ́, tí lẹ́tà bá wà láti kọ? Ní ti àwọn 70 yẹn, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ bi í pé èwo ló kà lálẹ́ ọjọ́ kan tó sì gba 70, èwo ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti omijé kà. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdánwò, ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Èyí tó há sórí nìkan á ti fò lọ. Ẹ bá olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àsọyé tàbí eré ìdárayá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, wọ́n máa ń rí ohun tí olùkọ́ kíláàsì ò rí.

Tí ẹ bá rí i, ìyìn nìkan ò lè mú un dàgbà. Ẹ fún un níṣẹ́ tí ẹnì kan ń dúró dè. Ìkéde ìjọ ni ọmọ mi ń túmọ̀ sí Yorùbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí àgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì sì ń fi bírò pupa tún un ṣe. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, pupa ju dúdú lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní olódo torí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù, ẹ wo ohun tí JAMB ń béèrè fún iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ń wù ú. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀ dandan. Ẹni tó fẹ́ ka òfin láìṣe Lítíréṣọ̀, ẹkún ló ń bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé pé títí di ìgbà wo ni ọmọ lè yí padà. Ẹ gbà á ní kíkọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.

Ní ti ìdánwò olówó yẹn, ẹ fi owó yín sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó bí mo ṣe sọ, kí ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Mo ń retí yín.