Ṣé sémò lè di orecchiette? Ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ gbádùn ọdún pásítà ní Ítálì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Bari, ní Ítálì, ní kí n wá lo oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ òun. Ó ní òun á mú mi lọ sí abúlé kan níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún pásítà àfọwọ́ṣe, èyí tó rí bí etí. Oúnjẹ òde ni mò ń sè ní Bódìjà. Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun níbi ọdún bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n ṣọ́ra fún, torí n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀? Tí mo bá sì padà délé, ṣé mo lè fi sémò wa ṣe pásítà yẹn? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Ìyá Ìbejì. Ilé orecchiette, pásítà tẹ́ ẹ sọ yẹn, gan-an ni àbúrò yín ń gbé. “Etí kéékèèké” ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ẹkùn Puglia ló sì ni ín, ìyẹn gìgísẹ̀ bàtà tí àwòrán ilẹ̀ Ítálì jọ. Kẹ́ ẹ tó lọ síbi ọdún, ẹ ní kó mú yín lọ sí Arco Basso ní àdúgbò àtijọ́ Bari. Àwọn ìyá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn níbẹ̀ pẹ̀lú pátákó níwájú, wọ́n á máa gé, wọ́n á máa fà, ẹnu wọn ò sì ní dákẹ́. Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa. Níbi ọdún, èrò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè wo ohunkóhun.

Sagra ni wọ́n ń pe irú ọdún bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ohun mímọ́ lorúkọ náà ti wá, torí ọdún ṣọ́ọ̀ṣì ni látilẹ̀wá. Lónìí, ikùn ló gba iwájú. Abúlé kan á mú oúnjẹ kan tó mọ̀ ọ́n sè, á sì sè é fún ẹnikẹ́ni tó bá wá. Caranna, abúlé kan lábẹ́ ìlú Cisternino, máa ń ṣe ti orecchiette lóṣù kẹjọ. Bóyá ibẹ̀ ni àbúrò yín ní lọ́kàn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú, tí wọ́n ń pè ní Pro Loco, ló sábà máa ń wà nídìí ètò náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sè àti àwọn tó ń bu oúnjẹ ni kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ẹ fojú ìnáwó ilé wa wò ó, ẹ má fojú ilé oúnjẹ olówó ńlá wò ó. Ẹni tó ń bu oúnjẹ ń làágùn, ó sì lè jágbe mọ́ yín. Kò bá yín jà o.

Ẹ má jókòó kẹ́ ẹ máa retí ẹni tó máa wá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ibi tí wọ́n kọ cassa sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò sí. Ẹ ó ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa jẹ àti ohun tẹ́ ẹ máa mu, ẹ ó sanwó, wọ́n á já ìwé pélébé fún yín, ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Kí ọ̀kan nínú yín máa tò, kí èkejì lọ gba àyè lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ ó jókòó ti àwọn tẹ́ ò mọ̀ rí, ẹ kí wọn. Ẹ mú owó sápò, torí kì í ṣe gbogbo abúlé ló ní ẹ̀rọ tó ń gba káàdì. Oúnjẹ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kó tó di nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ẹni tó bá sì dé ní mẹ́sàn-án á rí ìlà. Mọ́tò àbúrò yín ni kẹ́ ẹ gbé lọ, torí ọkọ̀ ojú irin ò pọ̀ lálẹ́ lápá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹran ńkọ́? Maiale ni wọ́n ń pe ẹlẹ́dẹ̀, ẹ há a sórí. Òórùn ẹran sísun kan máa fà yín nímú ní agbègbè Cisternino: bombette ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ká wàràkàṣì sínú rẹ̀. Ẹ kọjá. Ọbẹ̀ orecchiette tí wọ́n ń pè ní ragù náà lè ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ò mọ̀ ni pé ẹran ẹṣin, cavallo, wà lára ohun tí wọ́n máa ń ká sínú ọbẹ̀ ní Puglia. Tí ìyẹn náà bá máa kọ yín lọ́rùn, ẹ béèrè. Èyí tí kò ní wàhálà ni ọbẹ̀ tòmátò àti ewé basil, tí wọ́n rin cacioricotta lé lórí, ìyẹn wàràkàṣì oníyọ̀ tó gbẹ. Ẹ béèrè pé “senza carne?”, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kò sí ẹran nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá tún fi ricotta forte lọ̀ yín, ẹ tọ́ ọ wò. Ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń rùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn irú kò ní sá fún un. Orecchiette pẹ̀lú ewébẹ̀ cime di rapa ló lókìkí jù, ṣùgbọ́n ewébẹ̀ ìgbà òtútù ni. Èmi ò ní fi owó mi rà á lóṣù kẹjọ.

Ẹ ó mọ àfọwọ́ṣe lójú. Kò ní dọ́gba, àárín rẹ̀ á fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ á nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì rí háráhárá bí ahọ́n màlúù. Ara háráhárá yẹn ló ń di ọbẹ̀ mú.

Ó wá ku sémò. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wà nínú ọ̀rá. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún ni semola rimacinata: àlìkámà líle tí wọ́n ń pè ní durum ni wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè kúnná. Omi ni wọ́n fi ń pò ó, kò sí ẹyin. Àwọn ará Bologna, ní àríwá Ítálì, ló ń fi ẹyin po tiwọn. Sémò tiwa ò kúnná tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ durum, nítorí náà ẹ ka ara ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá pò ó bẹ́ẹ̀, á sán, á sì fọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí: mo máa ń lọ sémò gbígbẹ nínú blender tí omi ò kàn, mo máa ń fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ wẹ́ jọ̀ ọ́, mo sì máa ń fi fúláwà búrẹ́dì kún un, ìdajì sí ìdajì.

Gíráàmù 400 àpapọ̀ ìyẹ̀fun náà tó èèyàn mẹ́rin. Ẹ fi nǹkan bíi mìlílítà 200 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, ẹ máa da omi náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé e kaná kẹ́ ẹ máa rò ó o! Ọwọ́ lẹ máa fi pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ara rẹ̀ á fi dán. Ẹ wá bò ó, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fo ìsinmi yẹn, torí sémò kì í tètè mu omi. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i gùn bí ìka ọwọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú, tí ẹnu rẹ̀ rí roboto, tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó, kẹ́ ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín. Á ká lé ọ̀bẹ. Ẹ wá yí i dé orí àtàǹpàkò bíi fìlà, kí inú rẹ̀ di ìta. Ogún àkọ́kọ́ ò ní jọ etí ẹnikẹ́ni. Àwọn ìbejì á bá yín jẹ wọ́n.

Ẹ sè é nínú omi oníyọ̀ tó ń hó dáadáa, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ wò láti ìṣẹ́jú kẹrin. Kó rọ̀, àmọ́ kí eyín ṣì rí nǹkan ṣe. Fún òde, ẹ má sá a gbẹ pamọ́ bíi tiwọn: ọ̀rinrin ìgbà òjò wa á jẹ́ kó bu. Ẹ tẹ́ ẹ sórí atẹ, ẹ jẹ́ kó dì nínú fíríísà, kẹ́ ẹ tó kó o sínú ọ̀rá. Látinú fíríísà lẹ máa dà á sínú omi tó ń hó, ẹ má jẹ́ kó yọ́ tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ra ọ̀bẹ orecchiette ní Bari, inú ẹrù ńlá tẹ́ ẹ máa fà lé àwọn ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ dì í sí. Kò mú, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni lójú àwọn tó ń yẹ báàgì wò.