Báwo ni mo ṣe lè to gíráàfù mẹ́rin pọ̀ sójú àwòrán kan pẹ̀lú Matplotlib, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń ya gíráàfù?

plt.subplots ni kí ẹ lò (plt ni orúkọ ìkékúrú tí wọ́n ń pe matplotlib.pyplot):

fig, axs = plt.subplots(2, 2, figsize=(10, 8), layout="constrained")

2 àkọ́kọ́ ni iye ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, 2 kejì ni iye gíráàfù lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ínṣì ni wọ́n fi ń wọn figsize, ìyẹn fífẹ̀ àti gíga àwòrán náà.

axs yẹn ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Gbogbo gíráàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Láti 0 ni Python ti ń kà, torí náà axs[0, 1].plot(x, y) máa ya sí òkè lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ subplots(1, 3), nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ máa fi pè é, bí axs[2]. Tẹ́ ẹ bá kọ méjì, àṣìṣe tí Python ń pè ní IndexError ló máa yọ.

Ẹ má yọ layout="constrained" kúrò o. Òun ni kì í jẹ́ kí àkọlé gíráàfù kan gun òmíràn lórí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju tòkè lọ, fig, axs = plt.subplot_mosaic("AB;CC") ló rọrùn jù lójú tèmi. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún gíráàfù kan, àmì ; ló sì ń pín ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀; axs["C"] lẹ máa fi pe èyí tó fẹ̀.