Ṣé Pòpórò Àgbàdo Lè Di Epo Mọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan sọ fún mi pé èbu lè sọ pòpórò àgbàdo di epo mọ́tò. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó ń fi mí ṣeré? (Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àbúrò, ṣùgbọ́n èbu nìkan kọ́ ló ń dá a ṣe. Lọ́dún tó kọjá, mo gbàgbé ìdì pòpórò kan sẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tí màá fi gbé e lẹ́yìn òjò, ó ti rọ̀ bíi kànrìnkàn, irun funfun ti bò ó. Irun yẹn ló ń tu ẹ́ńsáìmù jáde, tí ẹ́ńsáìmù ń gé okùn inú pòpórò wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Oúnjẹ èbu nìyẹn. Tí a bá já ṣúgà náà gbà tí a fún ìwúkàrà, ó di ọtí, irú èyí tó wà nínú ògógóró, mọ́tò sì lè lò ó.

Ògbólógbòó nínú àwọn èbu yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Trichoderma reesei. Àgọ́ òwú àwọn sójà Amẹ́ríkà ló ń jẹ ní Erékùṣù Solomon nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Elwyn Reese àti Mary Mandels, ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Natick, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Reese ni èbu náà ń jẹ́ dòní.

Lignin ni wàhálà ibẹ̀, ohun líle tó di okùn náà pọ̀. Ooru gbígbóná tàbí ásíìdì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tú u, ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ ò sì pọ́ọ́kú. Fi pòpórò tìrẹ bọ́ màlúù ná.