Wọ́n fún mi ní Fúráìdè: kí ni kí n fi ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣírò owó. Láti oṣù tó ń bọ̀, a ò ní máa lọ síbi iṣẹ́ ní Fúráìdè mọ́, owó oṣù ò sì dín. Ìyàwó mi ní kí n máa dúró ti ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bá òun roko. Kí ni àwọn tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ń fi àyè náà ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Iṣẹ́ míì ni ọ̀pọ̀ ń fi í ṣe, pàápàá iṣẹ́ ilé.

Ní Battle Creek, l'Ámẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Kellogg tó ń ṣe kọnfíléèsì dín iṣẹ́ òòjọ́ kù láti wákàtí 8 sí 6 lóṣù Kejìlá 1930, kí iṣẹ́ lè kárí nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ọmọ, ọgbà ewébẹ̀, aṣọ rírán àti èso tí wọ́n ń tọ́jú sínú ìgò de ìgbà òtútù ló gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin padà sí wákàtí 8 nítorí owó. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó di 6 mú títí di 1985.

Ní Faransé, nígbà tí òfin wákàtí 35 lọ́sẹ̀ dé ní 1998 àti 2000, Ọjọ́rú ni ọ̀pọ̀ ìyá mú, torí pé àwọn ọmọ kéékèèké kì í lọ síléèwé lọ́jọ́ náà. Ẹ ò rí i pé ìyàwó yín ò ṣì sọ.

Ohun tó ń jẹ Fúráìdè nílẹ̀ wa kì í ṣe oko. Ẹ ó jí pẹ́, ẹ ó gbé fóònù, kẹ́ ẹ tó gbórí sókè, wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀. Bí ẹbí bá sì ti gbọ́ pé ẹ wà nílé, ẹ̀yin ni wọn ó máa rán: "Ṣebí o ò lọ síbi iṣẹ́?" Àìsùn òkú ń bọ̀ lálẹ́, ẹni tó máa gbé àga ni wọ́n ń wá yẹn. Ẹ má polongo rẹ̀.

Ẹ fi àárọ̀ títí di aago 12 sí ohun kan ṣoṣo. Oko dára, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀. Iṣẹ́ yín ṣáà ni. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé Fúráìdè kìíní àti ìkẹta nìkan lẹ lè wá, kí wọ́n má lọ gbin ilá rẹpẹtẹ dè yín.